Nígbà tí irun orí ọ̀dọ́bìnrin bá re róbótó lójijì

Ẹni tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí àrùn yìí kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe obìnrin tí ó ń ṣe gan-an, onídìrí ni. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí ìpàkọ́ ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í fi dígí yẹ ẹ̀yìn orí wò láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n onídìrí a máa fi ìdí òòyà la irun sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú títí dé ọrùn, ohunkóhun tí ó bá wà lábẹ́ irun kò sì lè sá pamọ́ fún un. Mo ń sin ilẹ̀ baba mi gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn nígbà tí ìyá tí ń dirun fún mi dá ọwọ́ dúró láàárín ṣùkú tí ó ń dì lọ́wọ́, tí ó ní, "Kọ́pà, ta ló fi abẹ fá ibí yìí fún ẹ?" Mo ní, "Ibo nìyẹn, mà?" Kò fèsì, ó mú ìka mi, ó sì gbé e lé ibẹ̀. Awọ ni mo fọwọ́ kàn, awọ tí ó ń dán, tí kò ní irun kan ṣoṣo, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì tó ìdérí ìgò.

Kò dùn mí, kò yún mi, kò wú, kò sì ṣẹ̀jẹ̀, èyí tí ó fi jẹ́ pé ó lè ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Alopecia areata ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bí ẹni méjì ni ó máa ń ṣe nígbà kan tàbí òmíràn nínú ayé wọn, tọkùnrin tobìnrin, láìka àwọ̀ tàbí orílẹ̀-èdè sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bá kí wọ́n tó pé ẹni ogójì ọdún. Ọkùnrin tí ó bá ṣe lè ní kí onígbàjámọ̀ fá gbogbo orí òun kodoro, kí ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ti ọ̀dọ́bìnrin kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Bí obìnrin bá fá orí, opó ni àwọn àgbàlagbà yóò kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Bí ó bá sì fi irun ráúráú tí ó kù sílẹ̀, wọn yóò ní àìsàn ńlá kan ni ó ń bò mọ́ra. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi wíìgì bo orí, tí wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí ọ̀rọ̀ yóò fi ju ohun tí wíìgì lè bò lọ.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ni ó ní oògùn lọ́wọ́. Aládùúgbò mi kan, tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, ní làpálàpá ni, ó sì já ewé asùnwọ̀n òyìnbó wá láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí n máa gún un kí n sì máa fi pa á. Ẹlòmíràn ní kí n fi àlùbọ́sà ha ibẹ̀ títí yóò fi ta mí. Ẹnìkan dárúkọ kẹrosíìnì. Ìyá mi ní tirẹ̀ pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí ó sì kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé o máa ń kó irun tí ó bá bọ́ jọ bí mo ṣe kọ́ ẹ, àbí o kàn ń fi í sílẹ̀ ní ìsọ̀ onídìrí?" Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa láti kó irun tí ó bọ́ jọ kí ọwọ́ ayé má baà tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ó ti ń bá wòlíì sọ̀rọ̀ kí èmi tó mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe mí. Èmi kò dá a lẹ́bi, nítorí àìsàn tí kò dunni, tí kò yúnni, tí ó kàn mú irun lọ róbótó lóru, ó jọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá lójú ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ àgbà náà kò kúkú jìnnà sí òótọ́. Asùnwọ̀n òyìnbó ń ṣiṣẹ́ fún làpálàpá ara, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ sì máa ń pò ó mọ́ ọn ní ilẹ̀ wa. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ohun tí ó wà ní orí mi kì í ṣe làpálàpá, ọwọ́ kan náà ni a sì fi ń mú gbogbo irun tí ó bá re. Ó yẹ kí n farabalẹ̀ sọ ìyàtọ̀ àárín wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin ti ń pàdánù oṣù mélòó kan tí kì bá má bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Làpálàpá orí jẹ́ ti ọmọdé ju ti àgbà lọ. Ìbátan ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu ni ó ń fà á, ó sì ń ti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn nípasẹ̀ kóòmù, fìlà, ìdìkù àti kílípà tí wọn kò fọ̀. Ibi tí ó bá mú a máa yúnni, awọ ibẹ̀ a máa bó ní funfun wẹ́wẹ́, irun ibẹ̀ a sì kán mọ́ ìdí tí yóò fi ku àmì dúdú kéékèèké nílẹ̀; nígbà mìíràn kókó yóò wú lẹ́yìn ọrùn ọmọ náà. Ìpara nìkan kò lè wò ó ní orí, nítorí pé ó ti wọ inú irun lọ sí ibi tí ìpara kò lè dé. Oògùn tí a ń gbé mì ni ó ń wò ó, bí i griseofulvin tàbí terbinafine, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Èyí tí dídì líle ń fà ní tirẹ̀ kì í já lu ènìyàn. Iwájú orí àti ẹ̀bátí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí àtáṣímẹ́ǹtì ti ń fa irun jù, bí ó sì ṣe ń pẹ́ ni ojú iwájú ń sún sẹ́yìn. Ara máa ń kìlọ̀ ṣáájú: orí tí kò jẹ́ kí ènìyàn sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí a dì í, àti àwọn róró kéékèèké tí ó ń yọ sí ìdí irun. Ẹni tí ó bá tètè tú u, tí ó sì sinmi, irun rẹ̀ yóò padà. Ẹni tí ó bá ń dì í bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpá ni yóò bá níbẹ̀. Àrùn kan tún wà tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí tí ó sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yí ká. Àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó ń ṣe jù, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Èyí ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ó ń pa gbòǹgbò irun run pátápátá. Ẹni tí àtàrí rẹ̀ bá ń ta á tàbí tí ó ń yún un, tí irun ibẹ̀ sì ń fúyẹ́, kí ó má fi falẹ̀ rárá. Ti ìyá ọlọ́mọ tuntun kò le: irun gbogbo orí ni ó ń re ní oṣù kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbímọ, ó sì máa ń padà fúnra rẹ̀.

Èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an yàtọ̀ sí gbogbo wọn ní ojú. Ó ń yá: láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti pá. Ó ń ṣe róbótó, ààlà rẹ̀ a sì hàn gbangba. Awọ ibẹ̀ a máa dán, kò ní àpá, kò bó, ihò tí irun ń gbà jáde sì ṣì wà níbẹ̀ bí ènìyàn bá wò ó dáadáa. Ní etí ibi tí ó pá, ẹ ó rí àwọn irun kúkúrú mélòó kan tí orí wọn nípọn ṣùgbọ́n tí ìdí wọn tín, tí wọ́n ń bọ́ bí a bá rọra fà wọ́n. Bí àwọn yẹn bá pọ̀, àmì ni pé ó ṣì ń fẹ̀ lọ. Ẹ tún wo èékánná ọwọ́ yín. Tèmi ní ihò wẹ́wẹ́ lójú, bí ẹni fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún un, èmi kò sì mọ̀ pé ó bá irun orí mi tan títí dókítà fi gbé ọwọ́ mi sábẹ́ iná.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ nìyí. Ara kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá àrùn jà. Gbòǹgbò irun tí ó ń dàgbà lọ́wọ́ kì í sábà hàn sí wọn. Ọlọ́run dá a kí ó wà ní ìpamọ́. Nínú àìsàn yìí, ìpamọ́ náà á ṣí, àwọn ọmọ ogun náà á sì yí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò irun ká bí ẹni pé àlejò burúkú ni. Irun yóò dá ìdàgbà rẹ̀ dúró, ìdí rẹ̀ yóò tín, yóò sì bọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dojú ìjà kọ, ìsàlẹ̀ ni. Ibi tí irun tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ wà lókè sí i díẹ̀, wọn kì í sì í fọwọ́ kan ibẹ̀. Ìdí nìyí tí irun fi lè padà hù lẹ́yìn oṣù púpọ̀, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ fún àwọn kan. Ní ti àrùn àtàrí tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ibi tí irun tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ó ń bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì wà. Ẹ wá ro ohun tí kẹrosíìnì, tàbí ata, tàbí àlùbọ́sà tí a fi ha orí títí awọ fi bó, lè ṣe: ó lè dá egbò tí yóò di àpá sí ibi tí àrùn fúnra rẹ̀ kò ní fi àpá sí láé.

Ẹnikẹ́ni kò lè kó o ràn ẹnikẹ́ni, bóyá nípa kóòmù tàbí ìrọ̀rí. Ó lè wà nínú ẹbí. Bí ẹnìkan nínú márùn-ún nínú àwọn tí ó ń ṣe ni ó ní ìbátan tí ó ti ṣe rí. Ó tún ní àwọn ìbátan tirẹ̀ láàárín àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, bí i ti ẹṣẹ́ tàírọ́ìdì tí ó wà ní ọ̀fun àti èyí tí ń mú kí àwọ̀ ara di funfun níbi níbi, nítorí náà dókítà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bi yín ní ìbéèrè nípa wọn, ó sì lè ní kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ó bá fi àyẹ̀wò sífílíìsì kún un, ẹ má ṣe bínú sí i. Sífílíìsì náà lè mú irun re níbi níbi, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó rí i dájú pé kì í ṣe òun.

Ní ti ìrònú, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni ó ń sọ fún mi pé mo ń ronú jù. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ṣe ni ó máa ń rántí ọ̀fọ̀ kan, ìdánwò kan, tàbí ìlú àjèjì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kí irun tó re, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ìrònú nìkan ni ó ń fà á kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí àwọn mìíràn wà tí ayé wọn tutù minimini nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi o, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ń fa ìrònú tó kí a máa sọ fún ẹni tí irun rẹ̀ ń re pé kí ó má ronú.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo kọ́kọ́ lọ. Dókítà ibẹ̀ kò dìde lórí àga, kò ní kí n tú irun, ó kọ ìpara làpálàpá fún mi láti òdìkejì tábìlì. Nígbà tí ìpara náà tán, ojú pípá ti di méjì. Ẹni tí ó yẹ kí a rí ni dókítà awọ ara, wọn kò sì pọ̀ ní Nàìjíríà rárá. Àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ńlá bí i UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ti sábà ń rí wọn, ó sì sàn kí ènìyàn mú ìwé láti ọwọ́ dókítà mìíràn lọ kí ó tó lọ jókòó níbẹ̀. Ẹ jí lọ ní kùtùkùtù, ẹ má sì dirun lọ. Mo rí ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó wá pẹ̀lú àtáṣímẹ́ǹtì tuntun lórí, tí ó wá jókòó sí gbàgede tí ó ń tú u pẹ̀lú omijé kí wọ́n tó lè yẹ orí rẹ̀ wò.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi tọ́jú tèmi. Oògùn náà ń jẹ́ triamcinolone, ó wà lára àwọn oògùn tí a ń pè ní sìtẹ́rọ́ìdì, tí ń mú kí àwọn ọmọ ogun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan rọ ọwọ́. Síríǹjì kékeré bí ti oníṣúgà ni dókítà náà mú, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì tín gan-an. Ó fi ọtí nu ibẹ̀, ó fi ìka méjì na awọ náà, ó wá ń fún un ní díẹ̀díẹ̀ káàkiri ojú tí ó pá, tí àárín ẹnu abẹ́rẹ́ kan sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà kan. Níbi tí oògùn bá wọ̀, awọ a wú sókè, a funfun díẹ̀, lẹ́yìn náà a rọlẹ̀. Ó ń ta, kò dára kí n parọ́, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ etí, ṣùgbọ́n kò tó ìnira kí wọ́n di irun ẹni ní dídì líle. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó máa ń wà láàárín abẹ́rẹ́ kan sí òmíràn. Ó lè mú kí awọ jìn sínú díẹ̀ níbi tí a gún, èyí sì sábà máa ń padà dọ́gba. Ẹni tí kò bá fẹ́ abẹ́rẹ́, tàbí ọmọ tí ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n lè fún un ní clobetasol, tí òun náà jẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì, láti máa fi pa á, pẹ̀lú minoxidil, oògùn tí ń mú irun hù, láti ràn án lọ́wọ́.

Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ clobetasol tí ó dà bí ẹni pé ẹ ti gbọ́ ọ rí, òótọ́ ni. Òun kan náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí àwọn obìnrin wa fi ń bó ara, tí a ń tà ní ọjà bí ẹni ń ta iyọ̀. Ó lágbára. Ní ojú kékeré lórí awọ orí, lábẹ́ ìṣọ́ dókítà, ó ń ṣe rere. Ní ojú àti gbogbo ara láti oṣù dé oṣù, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ rà á ní kẹ́míìsì fúnra rẹ̀ nítorí pé mo dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í dùn mọ́ àwọn ènìyàn nínú nígbà tí mo bá sọ ọ́. Nínú àwọn tí ojú pípá wọn kò ju ìwọ̀nba lọ, bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ni irun wọn ń padà láàárín ọdún kan láìṣe pé a fún wọn ní oògùn kankan. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ohunkóhun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń lò ní àkókò náà ni yóò gba ògo: adé yóò lọ sí orí ọṣẹ dúdú, tàbí òróró àdúrà, tàbí ewé, tàbí epo olówó gọbọi tí wọ́n ń polówó pẹ̀lú àwòrán méjì. Èmi náà kò lè búra pé abẹ́rẹ́ nìkan ni ó mú tèmi hù. Àwọn dókítà kan ní Baghdad ti gbé omi àlùbọ́sà yẹ̀ wò lórí àrùn yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Irun hù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi pa á, ju àwọn tí ó ń fi omi lásán pa á lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, ìwádìí kékeré kan ṣoṣo kò sì tó ohun tí a ó fi ìgbẹ́kẹ̀lé lé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi omi àlùbọ́sà rọra pa orí rẹ̀, èmi kò ní dá a dúró. Kí ó ṣáà má fi ha á títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í hù, funfun ni ó hù, ó rọ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti di arúgbó ní ojú kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń rí: àwọ̀ dúdú a máa pẹ́ kí ó tó dé, nítorí irun tí ó ní àwọ̀ ni àwọn ọmọ ogun náà ń bá jà jù, irun funfun a sì máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí náà nìyí tí àgbàlagbà tí irun rẹ̀ dúdú pọ̀ mọ́ funfun, bí àrùn yìí bá bá a, fi lè dà bí ẹni tí ó hewú lójijì, nítorí dúdú ti re tán ó ku funfun nìkan.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń mọ ní ojú kan tàbí méjì. Nígbà mìíràn ó máa ń gba ìpàkọ́ yí lọ sí ẹ̀yìn etí méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ọ̀já, èyí sì máa ń ṣòro láti wò. Àwọn mìíràn ń pàdánù gbogbo irun orí, àwọn díẹ̀ sì ń pàdánù gbogbo irun ara, títí kan ti ìpéǹpéjú. Ayanna Pressley, tí ó ń ṣojú àwọn ará Massachusetts ní ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà, wà lára àwọn wọ̀nyí. Àwọn ènìyàn ti mọ irun gígùn tí ó máa ń dì mọ́ ọn lára, nígbà tí wọ́n sì ń tún un dì fún un ní ìparí ọdún 2019 ni wọ́n sọ fún un pé orí rẹ̀ ti ń pá níbi níbi. Onídìrí ni ó tún kọ́kọ́ rí i lọ́hùn-ún náà. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ilé wọn dìbò lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ààrẹ Donald Trump ní oṣù Kejìlá, èyí tí ó kù nínú irun rẹ̀ re tán. Ó fi wíìgì bo orí lọ dìbò. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ó ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà kí gbogbo ayé rí i. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé àwòrán rẹ̀ ni mo fi han ìyá mi, àti pé láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ wòlíì mọ́.

Fún irú àwọn ẹni tí ó ti pàdánù ìdajì irun orí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn tuntun ti dé. Baricitinib ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún àwọn àgbà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022; ritlecitinib tẹ̀lé e ní 2023 fún ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 12, àwọn tí ń pinnu ohun tí NHS, ètò ìlera ìjọba, ń san owó rẹ̀ ní England sì fọwọ́ sí i ní 2024. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí baricitinib, bí ẹnìkan nínú mẹ́ta tí ó lo ìwọ̀n tí ó ga jùlọ nínú ìwádìí náà ni irun padà bo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún orí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tí ó ti sọ ìrètí nù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, irun sì sábà máa ń tún re bí a bá dá a dúró. Ó tún ń rẹ agbára ara sílẹ̀ láti bá àrùn jà, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ènìyàn wò fún ikọ́ ife kí wọ́n tó fún un, kò sì yẹ fún aboyún. Owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà lọ. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London àti Houston, tí wọ́n lè béèrè fún un lọ́wọ́ dókítà wọn, tí ó sì jẹ́ pé ọṣẹ ni wọ́n ṣì ń retí kí ìyá wọn fi ránṣẹ́ láti ilé.

Ọ̀rọ̀ bíbò ló kù. Kò sí ohun tí ó burú nínú wíìgì, gèlè tàbí ìborùn. Ohun tí ó burú ni gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí, nítorí pé bí a bá ń yọ ọ́, irun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni yóò bá a lọ. Ẹ lo èyí tí ó ní rọ́bà, ẹ sì bọ́ ọ bí ẹ bá ti wọ ilé. Ẹ sinmi rílásà. Ẹ lè dirun, bí onídìrí bá lè dì í ní rírọ̀ láìfi àtáṣímẹ́ǹtì kún un, kí ó sì fa irun ẹ̀gbẹ́ bo ibẹ̀ láìfà á le. Ìyá tí ń dirun fún mi ní Òkè-Ògùn ni ó dá ọgbọ́n kan: ó máa ń dì mí ní pàtẹ́wọ́, a sì máa darí ojú irun kí ọ̀kan nínú wọn lè sùn lé ibi tí ó pá. Kò sì pariwo rẹ̀ létí àwọn tí ó jókòó de ìdirun rárá. Bí mo bá ti dé, yóò ní, "Kọ́pà, wá jókòó síbi ògiri," kí ẹnikẹ́ni má baà dúró sẹ́yìn mi. Àwọn onídìrí tí ó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí ojú tí ó pá ní orí oníbàárà yín, ẹ rọra sọ fún un, ẹ má ṣe dì bò ó láìwí nǹkan kan nítorí kí ẹ má baà pàdánù owó ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó bá ní àfẹ́sọ́nà, ìgbà tí yóò sọ fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹbí. Mo ti gbọ́ tí àwọn àǹtí kan ń gba ọmọbìnrin nímọ̀ràn pé kí ó dúró di ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Ìmọ̀ràn tí kò dára ni lójú tèmi, nítorí àìsàn yìí lè lọ kí ó tún padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, orí tí a fi ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ ní alálẹ́ kò sì ṣeé bò títí ayé.

Títí di òní ni mo ṣì ń ní kí ẹni tí ó bá ń dirun fún mi fi fóònù ya àwòrán ìpàkọ́ mi kí ó tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú rúlà kékeré ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ẹnu kò lè sọ fún dókítà bí ó ti fẹ̀ tó ní oṣù tí ó kọjá. Ẹ̀yin tí tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ọjọ́ sì wà lára àwòrán náà. Bí ó bá ń di méjì, mẹ́ta láàárín oṣù kan, tàbí tí irun òkè ojú tàbí ti ìpéǹpéjú bá bẹ̀rẹ̀ sí í re, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí ilé ìwòsàn fún yín. Ẹ kó àwòrán yín dání, ẹ padà lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n tètè rí yín.